Ta Ló Ni Ibòji Ìbàdàn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ọgbà Ìgbafẹ́ àti Àwa Ará Àárín Ìlú

   

Ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí: ibi tí ará ìlú lè lọ lọ́jọ́ ìsinmi láti jókòó lábẹ́ igi, láti wo ẹranko, láti jẹ́ kí ọmọ sáré láìsí ọkọ̀ tó máa gbá a. Ọ̀pọ̀ èèyàn, bí wọ́n bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, igi àti òdòdó ni wọ́n máa ń kà. Èmi kò ní ka igi lónìí. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí ìyá àgbà kan bá gbéra ní àdúgbò Bẹyẹrúnkà ní àárín ìlú pẹ̀lú ọmọọmọ rẹ̀ méjì, ṣé ó lè dé ọgbà, kó wọlé, kó jókòó, kó mu omi, kó rí ibi tọ̀, kó rí ibi kírun, kó sì padà sílé láìjẹ gbèsè? Bí ó bá ṣeé ṣe, ọgbà ìlú ni. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọgbà àwọn kan ni, bó ti wù kí ewé ibẹ̀ tutù tó.

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ju èyí lọ: igi ló ń mú ọgbà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìjókòó, omi, ilé ìyàgbẹ́, ọ̀nà àti owó géètì ló ń sọ ẹni tó ni ín.

Ibòji tí a ti ní rí

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé òyìnbó ló kọ́ wa láti sinmi lábẹ́ igi. Nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ yìí ní 1829, tí agbègbè Ọjà'ba di ojú ìlú, igbó wà nítòsí wọn, ó sì wúlò fún wọn. Samuel Johnson, tó gbé ní Àrẹ̀mọ tó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ kó tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé àwọn ìlú wa máa ń dá igbó ilé sí yíká odi, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dédé wọ̀ ọ́ lọ gé igi. Ogun ló fà á tí wọ́n fi dá a sí. Ṣùgbọ́n igbó tí a dá sí nítorí ogun a máa fúnni ní ewé, ní ẹran, ní atẹ́gùn pẹ̀lú. Àwọn baba wa tilẹ̀ sọ fún wa pé nígbà tí ogun lé àwọn ará Lágelú, tó tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó, gun orí òkè, èso òro àti ìgbín inú igbó ló gbé ẹ̀mí wọn ró.

Nínú odi, ojúde ló wà. Iwájú ilé ìjòyè kọ̀ọ̀kan ní gbàgede, igi odán sì máa ń wà níbẹ̀. Abẹ́ odán ni wọ́n ti ń ta ayò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni eégún ti ń jó, ibẹ̀ ni àlejò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó béèrè ọ̀nà. Nínú agbo ilé, àgbàlá wà láàárín tí ọmọdé ti ń sáré lọ́sàn-án, tí àlọ́ sì ń wáyé lálẹ́ bí òṣùpá bá yọ. Kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì wò ó, ohun èlò rẹ̀ pé: ibòji wà, ìkòkò omi wà, gbòǹgbò igi ni ìjókòó, àgbà tó wà nílé ló ń ṣọ́ ọmọ.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìdílé ń pọ̀, ilẹ̀ kò pọ̀. Baba kọ́ yàrá méjì sínú àgbàlá fún ọmọ tó fẹ́yàwó. Ọmọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojúde nítorí pé ọ̀nà mọ́tò ti gba ibẹ̀ kọjá, owó sì wà létí títì. Odán gbẹ, kò sí ẹni tó gbin òmíràn, nítorí ibi tí ì bá wà ti di ilé. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó já sí. Ìjọba òyìnbó kọ́lé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Agodi àti Jẹ́ríkò, ó fi àyè gbalasa sáàárín ilé kan sí èkejì, ó gbin igi sí i. Títí di òní, ibẹ̀ ni ibòji Ìbàdàn pọ̀ sí. Àwa tí a jẹ́ onílé ìlú, orí páànù gbígbóná ni a ti ń wo igi wọn lókèèrè.

Òkè Ààrẹ àti Láyípo

Ọgbà tó sún mọ́ wa jù kò jìnnà sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀ rárá. Òkè Ààrẹ ni. Orúkọ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kú ní ibùdó ogun Kírìjì ní 1885, ló wà lórí òkè yìí. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé gíga kan sí ní 1936 ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1893. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ẹ ti ń gùn ún, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Láyípo.

Ọdún 1936 yìí kan náà ni oyè Baálẹ̀ Ìbàdàn di Olúbàdàn. Bower tí a kọ́lé fún yìí kan náà ló sì yin ìbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Mi ò sọ pé kí a wó ilé náà. Mo ń sọ pé kí olùkọ́ tó bá kó ọmọ gun òkè yìí sọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ti Látòósà àti ti Bower pọ̀, nítorí pé ìtàn wà lára ohun tó yẹ kí èèyàn bá padà sílé láti ọgbà.

Bí ẹ bá dé òkè Láyípo, Ìbàdàn tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ ó rí Màpó Hall tí wọ́n ṣí ní 1929 pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ ràgàjì-ràgàjì. Ẹ ó rí Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965. Ẹ ó rí páànù tó ti dípẹtà, ọ̀kan gun orí èkejì láti Ọjà'ba títí lọ. Bí ẹ bá wá yíjú sí apá Agodi, ewé ló kù tí ẹ ó máa rí. Ẹni tó bá ń jiyàn pé ibòji ìlú yìí kò pín dọ́gba, kó gun Láyípo, ojú rẹ̀ ni yóò fi rí i.

Ohun tí ojú ń rí lórí òkè yìí kò ní ẹlẹ́gbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọlọ́run ló sì fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn oníròyìn ti kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe pa àyíká rẹ̀ tì tí koríko ń borí rẹ̀. Ẹ gbé ìyá Bẹyẹrúnkà wá síbẹ̀. Òkè náà ga, eékún ń ro ó; ó nílò bẹ́ǹṣì lójú ọ̀nà àti ọ̀pá tí yóò dì mú. Ọmọ fẹ́ tọ̀. Ó nílò ilé ìyàgbẹ́. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Wọ́n nílò omi. Bí kò bá rí ìwọ̀nyí, kò ní wá lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ wá. Bẹ́ẹ̀ ni òkè tó jẹ́ ti gbogbo wa ṣe ń di ti àwọn ọmọ ìta nìkan.

Agodi: omi ló ni ín kó tó di tiwa

Agodi ni ọgbà tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ jù. Ní 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọgbà ewéko àti ẹranko, níbi tí wọ́n ti fi ìdídò sé odò Ògùnpa tó fi di adágún. Ìran tó dàgbà láàárín 1970 sí 1980 mọ ìgbádùn ibẹ̀ dáadáa.

Ó wá di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ògùnpa kún, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé èèyàn. Àwọn tó kú lé ní 200. Ọgbà Agodi kò mú un jẹ: omi kó púpọ̀ nínú ẹranko ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọgbà yìí dákẹ́ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Láàárín 2012 sí 2014, nígbà tí Abíọ́lá Ajímọ̀bi jẹ́ gómìnà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 150 éékà. Lónìí ó ní ibi eré ọmọdé, odò ìwẹ̀, adágún tí ọkọ̀ ojú omi ń lọ lórí rẹ̀, ẹranko díẹ̀ nínú ọgbà, àti pápá tútù tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ìyàwó àti ọjọ́ ìbí. Nígbà Iléyá àti Kérésì, ẹsẹ̀ kì í gbèrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ omi yìí, nítorí pé ó kan àwa tí a kò tilẹ̀ wọ géètì Agodi rí. Láti apá òkè ni Ògùnpa ti ń ṣàn bọ̀, ó wọ adágún Agodi, ó jáde, ó gba àárín ìlú lọ sí ọjà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ń lọ sí ìsàlẹ̀ títí tó fi bá Kúdẹtì pàdé kí omi wọn tó dé odò Ọ̀nà. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí igi àti koríko wà, ewé máa gba díẹ̀, ilẹ̀ máa mu díẹ̀, ìyókù á rọra dé odò. Bí ó bá rọ̀ sórí páànù, kọnkéré àti ọ̀dà títì, gbogbo rẹ̀ ló máa sáré dé odò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí odò náà bá sì kún fún ọ̀rá àti ìdọ̀tí, ibo ni omi fẹ́ gbà bí kò ṣe yàrá yín? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, ó sì lé ní 100 èèyàn tó tún bá a lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kí a gé lára ọgbà òkè odò kí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe fàájì àwọn olówó ló ń gé. Iyàrá ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń fún ní omi. Àwọn olùṣèrò ìlú mọ èyí. Ó yẹ kí àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ láti ara àwọn yòókù

Kì í ṣe Agodi nìkan ni Ìbàdàn ní. Ní 1948 ni Yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ni ó ti ń kó ẹranko jọ fún ẹ̀kọ́, tí ó fi di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Àwọn ìnàkí méjì tó wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, Àrúnà àti Imade, lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ iléèwé tó bá wá láti ìlú òkèèrè fi ń béèrè wọn lórúkọ. Ohun tó gbé ọgbà yìí ró títí di òní ni pé iṣẹ́ wà tí wọ́n ń fi í ṣe. Olùkọ́ ń kọ́ni níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣèwádìí níbẹ̀, ọmọ ìlú sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Ibi tí iṣẹ́ bá wà, èèyàn máa ń wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, dá igbó tó tó 350 hẹ́kítà sí nínú ilẹ̀ wọn. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malimbus ibadanensis. Kò sí níbikíbi láyé bí kò ṣe ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà yìí, orúkọ ìlú wa ló sì ń jẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó. Ọmọ Ọjà'ba mélòó ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀? Igbó yìí kọ́ wa pé bí a bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún igi fún àádọ́ta ọdún, tí a sì ṣọ́ ọ, igbó gidi yóò wà nítòsí ìlú ńlá.

Ẹ̀kọ́ kẹta korò. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ṣí Trans-Wonderland, ọgbà eré tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn yí lókè àti oríṣiríṣi nǹkan ìṣeré. Gbogbo Nàìjíríà ló ń sọ ọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ìpẹtà ń jẹ irin, àwọn ẹ̀rọ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Àìtọ́jú ló ṣe é. Ọgbà tí a ṣí tí a kò ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ fún dà bí ìyàwó tí a fi ìlù gbé wálé tí a kò fún ní oúnjẹ: ariwo ọjọ́ ìgbéyàwó kò lè gbé e ró. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá ṣí ọgbà tuntun fún wa, kí a má pàtẹ́wọ́ kí a tó béèrè ẹni tí yóò máa fọ ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún kẹwàá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dárúkọ Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́ Ilé. Òótọ́ ni. Láti ara igbó ọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, àhoro olú ìlú àwọn baba wa sì wà nínú rẹ̀. Ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìyá Bẹyẹrúnkà kò lè lọ kí ó sì bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan. Ọgbà tó wà lókèèrè kì í rọ́pò èyí tó wà nítòsí.

Ohun tí àwọn mìíràn ṣe

Ìlú Birkenhead, tó wà lódì kejì odò sí Liverpool, ṣí ọgbà kan ní 1847 tí ìjọba ìlú fi owó ará ìlú ṣe fún gbogbo èèyàn láìgba kọ́bọ̀. Ibi tí owó ti wá ni kí a wò: wọ́n ra ilẹ̀ tó pọ̀, wọ́n fi àárín rẹ̀ ṣe ọgbà, wọ́n sì ta etí rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Nígbà tí Olmsted, ọmọ Amẹ́ríkà, dé ibẹ̀ ní 1850, ó wú u lórí. Òun ló padà wá wà lára àwọn tó ya àwòrán Central Park ní New York.

Ní 1968, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ṣe ọgbà ìgbafẹ́ sí ìgbèríko tí kò jìnnà sí ìlú. Òfin náà kò dúró lórí igi. Ó sọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ibi oúnjẹ, ilé ìyàgbẹ́ àti ibi eré, torí àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ará ìlú tí kò bá rí ìwọ̀nyí yóò ya wọ oko olóko ni.

Ní gúúsù London, nítòsí Peckham níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, Burgess Park wà. Ilẹ̀ ilé àti ilé iṣẹ́ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ba apá kan jẹ́, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wó ilé tó wà lórí rẹ̀, ó dí odò náà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ di ọgbà. Ó ní ohun tó yẹ kí a mú nínú ìyẹn, ó sì ní ohun tó yẹ kí a fi sílẹ̀. Sùúrù ni kí a mú: pé ìlú tó há lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ilẹ̀ jọ ní wẹ́wẹ́. Wíwó ilé ni kí a fi sílẹ̀. Agbo ilé wa kì í ṣe ilé lásán. Ibẹ̀ ni ibojì àwọn baba wà, ibẹ̀ ni oyè ti ń jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa fi katakata wá ọgbà fún wa, kí a sọ fún un pé a kò ní kí ó bá wa wá a.

Ní Lékkì, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ohun alààyè ní Nàìjíríà ṣí ibùdó kan ní 1990 lórí 78 hẹ́kítà irà. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà kọjá lórí irà náà, ẹsẹ̀ kì í kan ẹrẹ̀. Ní 2015 wọ́n fi afárá kan kún un, tó gùn tó 401 mítà láàárín orí igi. Ilẹ̀ tí àwọn kan ì bá fi yanrìn dí ló ń pawó wọlé báyìí. Ọ̀nà pákó ló ṣe é. Kí wọ́n tó ṣe ọ̀nà, irà lásán ni.

Bí a ṣe ń wọn ọgbà

Ẹ jẹ́ kí a wá bá ìyá Bẹyẹrúnkà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkọ̀ ni àkọ́kọ́. Láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ sí Agodi kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó ní láti wọ mọ́tò, kí ó sọ̀, kí ó tún wá ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún èèyàn mẹ́ta lè ju owó ọbẹ̀ ọjọ́ náà lọ kí a tó dé orí tíkẹ́ẹ̀tì.

Géètì tẹ̀lé e. Èmi kò sọ pé kí a má gba owó. Ẹni tó ń fún ẹranko lóúnjẹ fẹ́ gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ iye rẹ̀ gàdàgbà síta, kí ó má yí padà gẹ́gẹ́ bí ojú ẹni tó dé ti rí, kí ó má sì jẹ́ pé bí èèyàn bá wọlé tán, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ tún ní géètì tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n mú wọlé tí wọ́n ní kó máa wo àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìn wáyà, ẹkún ni wọ́n rà fún un.

Ìjókòó àti ibòji ni ẹ̀kẹta. Bẹ́ǹṣì tí a gbé sí oòrùn kì í ṣe bẹ́ǹṣì. Ẹ̀kẹrin ni omi: omi mímu, omi ọwọ́ fífọ̀, omi àlùwàlá. Nínú ìlú tí ìpè àdúrà ń dún láti mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò Ọjà'ba lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ọgbà tí kò ṣètò ibi ìkírun ti lé ìdajì àwọn ará àárín ìlú kúrò kí aago méjì tó lù.

Ilé ìyàgbẹ́ ni ẹ̀karùn-ún, mo sì fẹ́ kí a má tijú sọ ọ́. Ọkùnrin lè yíjú sí ẹ̀yìn igi. Obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, aláboyún kò lè fara dà á, ọmọdé kò sì mọ ìfaradà. Ibi tí ilé ìyàgbẹ́ kò bá sí, tàbí tí ó wà tí kò ní omi, wákàtí kan péré ni obìnrin lè lò níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ṣe ọgbà kan rántí àwọn obìnrin, ẹ má wo òdòdó ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní kọ́kọ́rọ́ tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì.

Ààbò ni ẹ̀kẹfà: iná tó ń tàn nírọ̀lẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ létí odò ìwẹ̀ àti adágún, wáyà tó lágbára níwájú ẹranko. Àwa àlejò ọgbà náà ní iṣẹ́ tiwa. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a jù sílẹ̀ ni Ògùnpa máa gbé padà wá fún wa nígbà òjò. Gúgúrú kì í ṣe oúnjẹ ọ̀bọ. Ẹ̀rọ orin wa kò gbọdọ̀ lé ẹlòmíràn kúrò lábẹ́ igi tó kọ́kọ́ dé.

Ohun tó ṣeé ṣe

Àwọn kan yóò ní: ebi ń pa ìlú, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọgbà. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Olówó ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé. Tálákà kò ní ju atẹ́gùn Ọlọ́run lọ. Olówó kọ́lé sórí òkè. Tálákà ni odò ń bá nísàlẹ̀. Ẹni tí kò ní ni ọgbà wúlò fún jù. Ọgbà sì ń fúnni níṣẹ́: ayàwòrán, ẹni tó ń ta ẹ̀pà àti àgbàdo, onímọ́tò, ẹni tó ń tọ́jú igi, ọmọ àdúgbò tó mọ ìtàn tó sì ń mú àlejò kiri.

Lójú tèmi, nǹkan mẹ́rin la lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de owó ńlá. Kí a sọ àyíká Láyípo di ọgbà àárín ìlú: bẹ́ǹṣì lójú àtẹ̀gùn, ọ̀pá ìdìmú, kànga ẹ̀rọ, ilé ìyàgbẹ́ méjì, iná olóòrùn, ibòji, kí wíwọ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ àdúgbò. Kí Agodi ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn ọmọ iléèwé ìjọba àti àwọn ọlọ́jà, kí ọkọ̀ kan sì máa ti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà lọ́jọ́ náà. Kí àyè tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí létí Ògùnpa àti Kúdẹtì di ibi igi àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí igi bá ti gbà, ó ṣòro fún onílé láti wá jí i gbà lóru. Kí mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan tí ojúde rẹ̀ bá ṣẹ́ kù gbin odán kan síbẹ̀ kí ó sì ṣe ìjókòó sí abẹ́ rẹ̀. Ti ẹ̀kẹrin yìí kò nílò ìwé gómìnà.

Ti owó: kí apá kan nínú owó géètì dúró sínú ọgbà fún ìtọ́jú, kí wọ́n lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà lóṣooṣù. Kí ìyálọ́jà, mọ́gàjí àti olùkọ́ àgbà wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o. Ẹni tó bá ń lo nǹkan ló ń tètè mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́.

Ìdìbò kì í pẹ́ dé nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n bá tún gun Màpó wá bá wa pẹ̀lú fìlà àti ọ̀rọ̀ dídùn, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó jó. Èló ni géètì ọgbà tí ẹ fẹ́ ṣe? Níbo ni ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ wà? Ta ni yóò máa san owó ẹni tó ń fọ̀ ọ́? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkólòlò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbọ́. Ẹni tó bá ń ka iye igi fún wa, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ jókòó sábẹ́ wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ méjì kó tó padà wá.

 Kí Elédùmarè dá Ìbàdàn sí fún wa.